Ẹ Jẹ́ Ká Pe Orúkọ Àwọn Tíṣà Náà

    

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé yìí ní kí n kọ díẹ̀ nínú ìtàn àwọn ilé-ìwé girama agbègbè wa, ìyẹn ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, tí gbogbo wọn di ara Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 1976. Wọ́n ní kí n sọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbégbá orókè. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá ti péjọ báyìí, tí a jẹun tán, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde: "Ilé-ìwé wa ló bí lágbájá, ti yín ńkọ́?" Àwọn ará Abẹ́òkúta á ka tiwọn, àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde á dá wọn lóhùn, àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ náà kò ní dákẹ́. A á ka gómìnà, a á ka adájọ́, a á ka dókítà àti ọ̀gá sójà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi wá pé, "Ta ni tíṣà tó kọ́ lágbájá yẹn ní ìṣirò ní fọ́ọ̀mù kẹta?" ṣe ni gbogbo wa á máa wo ojú ara wa.

Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ohun tí mo sì fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìròyìn ọmọ tó yege àti ìròyìn tíṣà tó dé, tó lọ, ìròyìn kan náà ni. Tíṣà kì í sì í ṣe ti ilé-ìwé kan ṣoṣo. Bí a bá tẹ̀lé ẹsẹ̀ àwọn tíṣà láti ilé-ìwé kan dé èkejì, a ó rí i pé agbo ilé kan ni gbogbo wa, àríyànjiyàn ta ló bí ta kò sì ní pẹ́ parí.

ỌMỌ TÓ KỌ́KỌ́ FORÚKỌ SÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ọdún 1908 ni wọ́n dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé níbẹ̀ ni Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, tí wọ́n bí ní 1891. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sí Fourah Bay College ní Sàró, wọ́n gba oyè jáde ní 1916, wọ́n padà wálé, wọ́n sì ṣe tíṣà ní CMS Grammar School ní Èkó fún ọdún méjì.

Ní 1918, wọ́n gbé wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ijebu-Ode Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913, kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Pírínsípà ni wọ́n fi wọ́n ṣe níbẹ̀, wọn kò sì kúrò títí di 1932. Ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló fi bí ọdún mẹ́rìnlá tọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó yege láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ ọmọ Abẹ́òkúta ló ti gba ẹ̀kọ́. Ilé-ìwé wo ni kó wá sọ pé òun nìkan ló ni ín?

Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti rí i pé tíṣà tó bá dá wà, ìyà ni yóò jẹ ẹ́. Ní 1926, wọ́n kó àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Nígbà tó di 1931, tí àwọn tíṣà láti oríṣiríṣi ìlú péjọ ní Èkó tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ NUT sílẹ̀, Àlùfáà Ransome-Kútì ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ààrẹ yìí ni wọ́n ń jẹ títí di 1954. Ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà kò ṣòro láti lóye: tíṣà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé míṣọ́nnù àti tíṣà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n owó oṣù àti àǹfààní wọn kò dọ́gba.

Ní 1932, wọ́n padà sí Abẹ́òkúta Grammar School, níbi tí wọ́n ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì di pírínsípà rẹ̀ títí di 1954. Láàárín 1943 sí 1945, wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé dìde láti wo bí ẹ̀kọ́ gíga yóò ṣe rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà fún University College, Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn tí ẹ ń pe ara yín ní UI, tíṣà girama kan láti agbègbè wa wà nídìí ọ̀rọ̀ yín. Oṣù kẹrin ọdún 1955 ni wọ́n jáde láyé. Ọdún kan péré ló kù lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì.

ỌMỌBÌNRIN INÚ KÍLÁÀSÌ

Ẹ̀yin màmá wa àti ẹ̀yin àǹtí, mi ò gbàgbé yín o. Ní 1914, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas wọ Abẹ́òkúta Grammar School. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ilé-ìwé náà gbà. Ní 1919 ó lọ kàwé sí i ní Ìlú Ọba, ó dé ní 1922, ó sì wọ iṣẹ́ tíṣà ní ìlú rẹ̀. Ní 1925, ó fẹ́ pírínsípà Ijebu-Ode Grammar School tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yẹn. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì.

Ọ̀pọ̀ wa mọ Màmá nítorí ìjà owó orí àwọn obìnrin ní Abẹ́òkúta, ìjà tó gbóná débi pé Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ni Màmá. Kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà ni wọ́n ṣí fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Nígbà tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń kọ́ a, b, d ni wọ́n ń sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn fún tíṣà wọn, tíṣà wọn sì gbọ́. Kíláàsì ló bí ìjà náà. Bí a bá ka Màmá mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yege, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kà wọ́n mọ́ àwọn tíṣà.

Abẹ́òkúta Grammar School yìí náà ni àwọn ọmọ wọn kà: Olikoye, tó di mínísítà fún ọ̀ràn ìlera láti 1985 títí di 1992, Fẹlá, tí orin rẹ̀ kò sí ibi tí kò dé, àti Bẹ́kọ̀, dókítà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọlé Ṣóyínká náà kà níbẹ̀ díẹ̀ kó tó lọ sí Government College, Ìbàdàn ní 1946. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba ti lítíréṣọ̀, ẹ rántí ariwo tó sọ. Abẹ́òkúta ní ọmọ àwọn ni, Ìbàdàn ní ọmọ àwọn ni. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó purọ́ níbẹ̀. Àwọn tíṣà méjèèjì ló jọ ni ín, àti bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, tí òun alára jẹ́ hẹ́dímásítà ilé-ìwé St. Peter's ní Aké.

ÌWÉ ÌRÒYÌN LÓRÍ ÒKÈ

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi. Ní 1923 ni wọ́n dá Baptist Boys' High School sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn ni wá níbí, nítorí náà ohun kan wà tí yóò dùn mọ́ yín. Ní àwọn ọdún 1950, ilé-ìwé náà ní ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń pè ní The Trumpeter. Ọmọ ilé-ìwé tó ń ṣe olóòtú rẹ̀ ni Moshood Abíọ́lá. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni igbákejì rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí? Àwọn méjì tó jọ ń yẹ ìwé wò ní girama, ọ̀kan ló wọlé ìbò June 12 ní 1993 tí wọn kò jẹ́ kó dé ipò, tó sì kú sí àtìmọ́lé ní oṣù keje 1998. Èkejì ló di ààrẹ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ilé-ìwé kan náà ni Bọ́lá Ajíbọ́lá kà, ẹni tó di mínísítà ìdájọ́, tó sì di adájọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú The Hague láti 1991 títí di 1994. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá gba ibẹ̀ kọjá fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí Wesley College, Ìbàdàn ní 1927.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni pé àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọmọ olówó. Abíọ́lá ṣẹ́ igi tà ní kékeré, ó sì kó ẹgbẹ́ onílù jọ tí wọ́n ń lọ ṣeré níbi ìnáwó kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Nígbà tí Ọbásanjọ́ jáde, iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe, ní modern school kan ní Ìbàdàn, kó tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1958. Àwọn ọmọ kan wà, bóyá wọ́n ti dàgbà báyìí, tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé ààrẹ orílẹ̀-èdè ló kọ́ àwọn ní kíláàsì. Orúkọ ilé-ìwé wọn kì í sì í sí nínú orin ìyìn wa.

LÁTI ÌJẸ̀BÚ-IGBÓ DÉ ÌKẸ́NNẸ́

Ó wá ku ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn láti máa tọ̀, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó. Ní 1949, àwọn ará ìlú náà dá Molusi College sílẹ̀. Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, tó jẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì, ni pírínsípà àkọ́kọ́. Ní 1952, òṣèlú gbé wọn kúrò níwájú pátákó: wọ́n di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìpín Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ló gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ lọ́dún yẹn. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣílẹ̀kùn láìgba owó.

Ẹ gbọ́ iye o. Ní 1954, ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìpín Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ nǹkan bí 457,000. Ní 1955, wọ́n di nǹkan bí 811,000. Láàárín ọdún kan! Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé yìí, ara àwọn ọmọ yẹn ni wá tàbí ọmọ wọn. Tíṣà ìlú kékeré kan tó mọ bí ó ṣe ń rí fún òbí tí kò rówó ilé-ìwé san ló wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú Awólọ́wọ̀, tí àwọn náà ti ṣe tíṣà rí kí wọ́n tó di amòfin.

Nígbà tí Awókọ̀yà lọ, ta ló gba ipò wọn ní Molusi? Táí Ṣólàárín ni. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n, Wesley College ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, wọ́n bá ẹgbẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ja Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì kàwé ní Manchester. Wọ́n ṣe pírínsípà ní Molusi láti 1952. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí ẹ̀sìn wà nínú iṣẹ́ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ náà sì di àríyànjiyàn. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1956, àwọn àti ìyàwó wọn, Sheila, ṣí Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́. Níbẹ̀, ọmọ tó bá fẹ́ kàwé gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń roko, bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe àti bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀gá náà alára, ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni aṣọ wọn, títí wọ́n fi kú ní oṣù keje ọdún 1994. Yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ń jẹ́ orúkọ wọn lónìí.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ìrìn yìí: Ìjẹ̀bú-Igbó bí mínísítà, ó sì bí Mayflower. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ibi àjọ̀dún, mélòó nínú wa ló máa ń pe Molusi mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́?

ÌGBÀ TÍ ÌWÉ TIRÁNSÍFÀ BÁ DÉ

Lẹ́yìn 1955, ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ. Àwọn modern school ọlọ́dún mẹ́ta ṣú yọ fún àwọn tí kò rí girama wọ̀. Àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń gbà sí iṣẹ́ tíṣà, tí wọ́n á fi lọ kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí Grade III tàbí Grade II. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnù. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba Ọbásanjọ́, ọmọ Baptist Boys' tí a sọ yẹn, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá 1979, ìjọba Bísí Ọnàbánjọ sọ girama náà di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa. Ilé-ìwé wá pọ̀ bí ewé, tíṣà kan náà ni wọ́n sì ní láti pín kárí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ohun tí ìwé tiránsífà ń ṣe. Bí ó ti ń jẹ́ ìdùnnú fún ilé-ìwé kan ló ń jẹ́ ọ̀fọ̀ fún èkejì. Ní sẹ́ẹ̀tì tiwa, ìbẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù karùn-ún ni pírínsípà kéde ní asẹ́ńbílì pé wọ́n ti gbé tíṣà ìṣirò wa lọ sí ilé-ìwé mìíràn nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà. A fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Nígbà tí èsì ìdánwò WAEC dé lọ́dún kejì, tí a ń fún ara wa pa níwájú pátákó ìkéde láti wá nọ́ńbà wa, a gbọ́ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà wa lọ yege nínú ìṣirò ju bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. A jowú! Ṣùgbọ́n ilé-ìwé mìíràn ti pàdánù tíṣà físíìsì tiwọn fún wa, físíìsì tiwa sì dára lọ́dún náà. Inú wa dùn, a ò béèrè ibi tí ọkùnrin náà ti wá.

Láti 1988 ni ìdánwò SSCE ti rọ́pò ti àtijọ́, lóde òní ojú fóònù sì ni ọmọ ti ń wo èsì rẹ̀. Pátákó ìkéde ti di ìtàn, tíṣà ṣì ń kó ẹrù.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo pàdé tíṣà ìṣirò wa yẹn. Wọ́n ti darúgbó. Fáìlì kan wà lábẹ́ apá wọn, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń wá kiri. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó yẹn ni wọ́n máa bá mi sọ. Rárá o. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, èyí tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn, ṣé ó padà ṣe ẹnjiníà tó ń pariwo rẹ̀?" Wọ́n ka orúkọ wa fún mi bí ẹni ń ka rẹ́jísítà, wọ́n rántí ẹni tó gba kíréèdì àti ẹni tó féèlì. Nígbà tí wọ́n kú, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ gbọ́ ìtìjú. A ò mọ ọdún tí wọ́n dé ilé-ìwé wa. A ò mọ ìlú wọn. A ò mọ iye ilé-ìwé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tó mọ orúkọ gbogbo wa pátá, a ò lè kọ ìlà mẹ́ta nípa rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe ọlọ́ṣà.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Kò le, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan jókòó kó tó tú ká lónìí, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo tíṣà tí wọ́n bá rántí sílẹ̀, àti ohun tí wọ́n kọ́ wọn, ọdún tí wọ́n dé, ilé-ìwé tí wọ́n ti wá àti èyí tí wọ́n lọ. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ gidi, kó kọ orúkọ ìnagijẹ tí a sọ wọ́n. A mọ̀ pé kò sí tíṣà tí a kò sọ ní nǹkan! Ẹ má gbàgbé akọ̀wé ọ́fíìsì, ìyá tó ń se oúnjẹ àti bàbá tó ń lu agogo.

Èkejì, ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ àti ìwé tí àwọn pírínsípà ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí ṣì wà ní àwọn ilé-ìwé kan, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán ti wọ̀. Kí àwọn tó wà nítòsí tọrọ àyè lọ́wọ́ pírínsípà, kí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà ni yóò wà níbẹ̀, tiwa ni àwòrán. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, a bá àrọ́bá, ṣùgbọ́n bí àrọ́bá náà bá kú ńkọ́?

Ẹ̀kẹta, kí a kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ yòókù ní ìpínlẹ̀ wa, kí a pààrọ̀ orúkọ. Tíṣà tí a wá tì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ló mọ ibi tó wà. Èyí tó ṣì wà láàyè, kí a jọ bá a tẹ̀lé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ márùn-ún tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́fíìsì kò ní tètè sọ lẹ́tà wọn nù. Bí NUT ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn ní 1931.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti òní yìí. Kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bùn, kí a tó ka àwọn ọmọ wa tó di ọ̀jọ̀gbọ́n àti alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ jẹ́ ká dìde dúró, ká pe orúkọ àwọn tíṣà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà níbí, kó gbé ọwọ́ sókè, ká rí i, ká patẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó ti lọ, ká dákẹ́ fún un.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. A kò ní gbẹ, lágbára Ọlọ́run.  Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ jókòó níwájú yẹn, bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí, ẹ bá mi fi yíǹkì pupa sí i, bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Máa ṣe àtúnṣe rẹ̀, máa sì mú un padà wá fún máàkì.

Ire o.